Ọjọ́ Kan ní Àfonífojì Síónì

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa lọ kí ọmọ wa obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí a jọ jáde lọ wo ìlú. Ọkọ̀ tí wọ́n yá ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní RV: ilé àti mọ́tò pọ̀ lójú kan, tó ní ibùsùn, sítóòfù, fìríìjì, ilé ìwẹ̀ àti táńkì omi. Láti Las Vegas, nǹkan bí 257 kìlómítà, ni a ti wà á dé ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Zion, èyí ni Síónì, ní ìpínlẹ̀ Utah.

Ilé tó ń rìn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ìkòkò yóò já bọ́. Omi tí ẹ fi wẹ̀ tí ẹ sì fi fọ abọ́ kò lọ síbì kankan, inú táńkì lábẹ́ ọkọ̀ ló wà títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n yàn láti dà á sí. Síbẹ̀, ẹ̀bà gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nínú aginjù kì í ṣe ohun kékeré!

Àwọn ẹ̀yà Paiute ló ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1860, àgbẹ̀ kan nínú ìjọ Mọ́mọ́nì, Isaac Behunin, kọ́ ahéré onígi sínú àfonífojì náà, òun ni wọ́n ní ó sọ ọ́ ní Síónì. Ìjọba dá ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní 1909 pẹ̀lú orúkọ Paiute, Mukuntuweap. Ní 1919 ni ó di ọgbà orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Zion. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní 1916, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan, Frederick Vining Fisher, rìn ibẹ̀ já, ó sì ń sọ àwọn àpáta lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Ìtẹ́ Funfun Ńlá, ó pe mẹ́ta tó dúró ti ara wọn ní Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù. Ó ní òmíràn ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé áńgẹ́lì nìkan ló lè balẹ̀ sórí rẹ̀. Lónìí, èèyàn ẹlẹ́ran ara ń di ẹ̀wọ̀n irin mú gùn ún, láti 2022 sì ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gùn ún. Àwa kò gùn ún o.

Síónì inú Bíbélì, òkè ni. Ti Utah yìí, ìsàlẹ̀ ni èèyàn ń wà tí yóò máa gbé ojú sókè. Ògiri àpáta pupa wà lọ́tùn-ún lósì, ó ga tó 600 mítà níbò mìíràn. Olúmọ yóò dà bí ọmọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Odò Virgin tó gé gbogbo rẹ̀, lọ́jọ́ tí a rí i, kò ju orúnkún lọ.

A fi ilé wa sílẹ̀ ní ibùdó, a wọ bọ́ọ̀sì ọgbà. Láti 2000, nígbà tí bọ́ọ̀sì náà bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wa mọ́tò tirẹ̀ wọ àárín àfonífojì. Ní ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò tó kìlómítà méjì, omi ń sun láti ara àpáta, ewéko tútù sì so mọ́ ara rẹ̀ bí ọgbà tí wọ́n gbé kọ́. Lẹ́yìn náà ọ̀nà parí, odò fúnra rẹ̀ wá di ọ̀nà. Níwájú, ògiri méjèèjì súnmọ́ra, níbò mìíràn àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju mítà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ, gíga wọn sì tó 300 mítà.

Ọkọ ọmọ wa ti yá bàtà omi àti ọ̀pá fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ọjọ́ náà wà lójú pátákó: àgbàrá òjijì ṣeé ṣe. Kò di dandan kí òjò rọ̀ sí yín lórí. Ó lè rọ̀ níbi tó jìnnà sórí àpáta tí kì í mu omi, kí gbogbo rẹ̀ sì ya wọ ojú odò tóóró náà. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán ni irú òjò bẹ́ẹ̀ ń wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, 2015, àgbàrá pa èèyàn méje nínú ihò àpáta Keyhole, nínú ọgbà yìí kan náà.

Ìyá àwọn ọmọ wa kò fọwọ́ kan bàtà.

“Mọ́mì, ẹ wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́,” ni ọkọ ọmọ wa wí. “Omi náà mọ́ gaara.”

“Ọmọ mi, Ògùnpa náà, ọmọdé ń fò ó kọjá ni. Mo wà n'Íbàdàn ní 1980.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Àwọn tó dàgbà nínú yín kò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún yẹn, bí odò tí kò jọ nǹkan ṣe gbé ilé, mọ́tò àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ. Ká sòótọ́, ó wu àwa náà láti wọ inú odò náà. Ọmọ wa obìnrin wo ojú wa, a ní kí gbogbo wa padà. Ẹlòmíràn lè pè é ní ojo. Ẹni tó bá ti rí omi tó gbé aládùúgbò rẹ̀ lọ kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

A jókòó sórí òkúta, a ti ẹsẹ̀ bọ omi. Wọ́n ti ń kìlọ̀ láti 2020 pé kí ẹnikẹ́ni má mu odò náà, kí a má sì ri orí bọ̀ ọ́, nítorí èèhọ̀n olóró tó ń hù níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ a sọ̀ kalẹ̀ wo Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù bí oòrùn ti ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Ọkọ ọmọ wa kó bàtà padà fún àwọn tó ni ín, kò sọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, ó gbé àga síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ Ògùnpa ṣe rí fún wa.” Ọmọ wa obìnrin kò tíì gbọ́ ọ rí. Ìyá rẹ̀ sì sọ ọ́ títí aago mọ́kànlá fi lù.