Òde-Itsekiri: Ìta Ọba Tí Ó Ń Retí Èrò

Bí ìrìn àjò bá gbé yín dé Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti rí ìlú náà tán bí ẹ bá ti rí ọjà àti ilé iṣẹ́ epo. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etídò. Orí omi ni àwọn àgbà ń gbà dé Òde-Itsekiri, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Warri Ńlá. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá, nítorí èdè Itsekiri àti tiwa bá ara wọn tan: Ìjẹ̀bú-Òde, Òde Rẹ́mọ, Òde-Itsekiri.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, níbẹ̀ ni wọ́n ti dé Ogiame Atuwatse Kẹta ládé, èrò sì wọ́ lọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ìwúyè kì í ṣe ohun ọdọọdún. Láti 1936, Olú márùn-ún péré ni ó ti jẹ: ní 1936, 1951, 1987, 2015 àti 2021. Ṣáájú wọn, nígbà tí Olú Akengbuwa wàjà ní 1848, ìtẹ́ ṣófo fún ọdún 88. Àwọn ènìyàn tú ká lọ sí etí odò Benin, níbi tí òwò epo pupa gbé wà. Lónìí, inú ìlú Warri ni ààfin tí Olú ń gbé wà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan Mùsùlùmí nínú èyí. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn Mùsùlùmí, Balógun Kúkù sì wà lára wọn, ti ń lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìdúpẹ́ kékeré náà ni ó di ohun tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin ń kún ojúde fún, àwọn onígbàgbọ́ náà kò sì gbẹ́yìn. Ta ni yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí ẹṣin yóò sáré kọjá ní Iléyá tí ń bọ̀?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta ti dáwọ́ lé títì àti afárá lọ sí Òde-Itsekiri. Títì dára, àmọ́ àwọn tí ń ra ilẹ̀ náà yóò gba ibẹ̀ lọ. Lójú tèmi, kí wọ́n tó gé ilẹ̀ ta, kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́dún tí àwọn ọmọ ilé ìwé Warri yóò péjọ sí ìta náà, Itsekiri, Urhobo àti Ijaw, àwọn tí ìjà 1997 sí 2003 dá oró fún àwọn òbí wọn. Kí wọ́n gba orí omi lọ, bí títì bá tilẹ̀ ti parí.