Inṣọ́ránsì Ajá Kì Í Ṣe Èsúsú

Bí ọmọ bá ṣubú ní ilé ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí apá rẹ̀ kán, òbí rẹ̀ kò ní ki ọwọ́ bọ àpò kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ajá ilé kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí kò sí NHS, ètò ìlera ìjọba, fún ajá. Ẹni tó ni ín ni yóò san gbogbo owó dókítà ẹranko. Bí iṣan orúnkún ajá bá já, iṣẹ́ abẹ tí yóò jẹ́ kó rìn dáadáa padà lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ológbò tí àtọ̀gbẹ bá mú lè máa gba abẹ́rẹ́ insulin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin ẹran ilé ní Britain, títí kan ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ń béèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa san inṣọ́ránsì. Lójú tèmi, ó tọ́ fún ẹni tí kò lè mú £3,000 jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ gbèsè, bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tó sì ra irú èyí tó yẹ.

Àwọn tó ń pè é ní òfo kò parọ́ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní òṣìṣẹ́ tí yóò sanwó fún, ó sì fẹ́ jèrè. Ìjọba náà ń gba owó orí ìdá 12 nínú 100 lórí rẹ̀ láti ọdún 2017. Nítorí náà, bí a bá ṣírò gbogbo ẹni tó ń sanwó pọ̀, ohun tí wọ́n ń san ju ohun tó ń padà sọ́dọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ojú èsúsú ni irú ìṣirò yìí fi ń wò ó. Ẹni tó dá èsúsú mọ̀ pé òun yóò kó o lódindi. Inṣọ́ránsì kò rí bẹ́ẹ̀: owó ẹni tí ajá rẹ̀ wà ní àlàáfíà ni wọ́n fi ń tọ́jú ajá ẹni tí ọkọ̀ gbá. Lọ́dún 2024, ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí san jáde fún ìtọ́jú ẹran ilé ní Britain. Ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀ ni orí bá ṣe.

Wọ́n á ní, kí ló dé tí ènìyàn kò fi ní máa tọ́jú £30 pamọ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù? Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹni tó ti ní owó nílẹ̀. Àmọ́ ọmọ ajá kì í dúró kí owó pé. Ó lè gbé ìbọ̀sẹ̀ mì ní oṣù kẹta tó wọlé, kí ó di pé wọ́n ní láti la ikùn rẹ̀ lóru, nígbà tí £90 péré wà nínú kóló. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń gbà kí wọ́n fún ajá tó ṣeé wò sàn ní abẹ́rẹ́ ikú, torí pé owó kò sí. Ìpinnu yẹn ni mo fẹ́ kí inṣọ́ránsì gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ọjọ́ ogbó. Bí ajá bá ti ń dàgbà ni owó oṣooṣù ń gòkè, ẹni tó ni ín kò sì lè ṣí lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí àìsàn tó ti wà lára ajá kí inṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sábà gbà á. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Owó dókítà fúnra rẹ̀ náà ń fò sókè: CMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdíje láàárín oníṣòwò, rí i pé ó fi ìdá 63 nínú 100 lé sí i láàárín ọdún 2016 sí 2023, ní àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ra ilé ìtọ́jú ẹranko lọ ràì. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá wọ́n sí i, ẹni tí kò ní ààbò ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a ti fi àfikún yẹn sí ìṣirò láti ọjọ́ kìíní, kí a sì yẹra fún inṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú tó ń bo àìsàn kan fún oṣù 12 péré. Àtọ̀gbẹ kì í sábà tán ní oṣù 12. Èyí tó ń bo àìsàn títí ayé ajá, tí a ń tún ṣe lọ́dọọdún láìjẹ́ kó já, ni mo kà sí inṣọ́ránsì.

Ẹni tó ní ajá mẹ́rin àti owó gidi ní báńkì lè dá tirẹ̀ tọ́jú pamọ́. Ẹni tó gba ajá arúgbó tó ti ń ṣàìsàn náà, kóló ló yẹ ẹ́. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ béèrè iye inṣọ́ránsì rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye ajá. Bulldog ilẹ̀ Faransé tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, èémí a máa nira fún un, owó inṣọ́ránsì rẹ̀ sì sábà máa ń ga. Bí owó oṣooṣù náà bá ti ju agbára yín lọ nísinsìnyí tí ajá ṣì kéré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.