Omi Ganvié
Láti Abomey-Calavi ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú orí òpó nínú adágún Nokoué. Àwọn baba ńlá wọn sá sórí omi kí àwọn akónilẹ́rú má baà mú wọn. Omi sì gbà wọ́n là.

Lónìí, inú omi kan náà ni ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sí, òun sì ni àrùn onígbáméjì ń bá rìn. Omi mímu tó mọ́ wà, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń rà á, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e.

Ọmọdébìnrin kan bu omi adágún, ó fi fọ ẹnu lójú mi. Ojú tì mí. Mo fi ìgò omi mi pamọ́.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí Ganvié, ibi ìsádi àwọn baba yóò di ibùgbé àìsàn fún àwọn ọmọ.