Ìpadàbọ̀ sí Ìjọ Àgùdà

Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé Ọlọ́run ni ó mọ̀ pé àìgbàgbọ́ kọ́ ni ó sábà máa ń dí ọ̀nà ìpadàbọ̀. Ìtìjú ni. Ènìyàn a máa rò ó pé gbogbo ojú ni yóò yí padà wo òun bí òun bá ti wọlé, àti pé a ó bi òun léèrè ibi tí òun ti wà láti ìgbà yìí wá.

Ohun tí ó mú àwa kúrò kò ju ọ̀rọ̀ ìwé gbèsè lọ. Ní ọdún 1999 ni bàbá wa kú, lẹ́yìn àìsàn ọdún 3. Ní gbogbo àkókò náà kò rí owó ìjọ san, nítorí pé oògùn ni ó ń kó owó lọ. Nígbà tí a lọ tọrọ pé kí a lu agogo fún un, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tẹ orúkọ bàbá wa mọ́lẹ̀, ó sì wí pé, “Ọdún 3 ni bàbá yín jẹ. Ẹ kọ́kọ́ san án ná.” A san án lójú ẹsẹ̀. Fàdá wá, ó wọ́n omi mímọ́ sí pósí, a sì sin bàbá wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ẹsẹ̀ wa kò tẹ ibẹ̀ mọ́, a kò sì wá ìjọ mìíràn lọ. Kì í ṣe pé a lòdì sí owó ìjọ. Òrùlé a máa jò, olùkọ́ni katikísímù náà a sì máa jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kò pọ̀. Ìka náà ni a kò lè gbàgbé.

Ọdún 14 kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ta gbọ̀n-ọ́n lójú ọ̀nà, ọwọ́ wa a ti ya àmì àgbélébùú kí ọkàn tó mọ̀.

Iṣẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ mì wá. A ń múra ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì, a sì ka ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà Èkó, àwọn tí a dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú tí wọ́n ti Brasil padà wá. Wọn kò ní àlùfáà. Ẹni kan tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio bí kò tilẹ̀ jẹ àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fàdá Francesco Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Ó sì di ọdún 1868 kí àlùfáà tó fi Èkó ṣe ibùgbé. A pa ìwé náà dé, a jókòó. Àwọn wọ̀nyí ní ara wọn, wọn kò ní Fàdá. Fàdá kún àdúgbò tiwa. Àwọn ará ni a bá jà.

Ní àkókò Lẹ́ńtì ọdún 2013, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a lọ síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́ bí ó ti rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀ láìnídìí. Ìjọ kì í tún ènìyàn rì bọmi ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ìjẹ́wọ́ ni ọ̀nà àbáwọlé. Láti ìgbà ìpàdé ńlá ti Láteránì ní ọdún 1215 ni a ti pa á láṣẹ pé kí olúkúlùkù onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà ìwé gbèsè tiwa pẹ̀lú gùn. Fàdá náà kéré sí wa lọ́jọ́ orí púpọ̀. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ó sì dákẹ́. Ohun tí a sọ kò sí fún ìwé yìí, òun náà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ìka náà, ó ní kí ìrònúpìwàdà wa jẹ́ kíka Rósárì kan fún ọkàn ẹni tí ó ni ìka, ẹni tí ó ti di ará ọ̀run nígbà náà. Ó gbà wá títí di òru kí a tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí Mísà ní ìjọ àtijọ́ náà. Láti ìparí ọdún 2011 ni a ti yí ìdáhùn Mísà ti èdè Gẹ̀ẹ́sì padà, àwa kò sì mọ̀. A dákẹ́, a ń tẹ́tí sí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń dáhùn ketekete. Kò sí ẹni tí ó yíjú wò wá. Ìyá wa, tí kò fi ìjọ náà sílẹ̀ rí, sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí a lè jókòó.

Lẹ́yìn Mísà ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú káàdì owó ìjọ kan jáde. Orúkọ tiwa ni ó wà lórí rẹ̀. Ọdún 14 ni ó ti ń san án, lọ́dọọdún, láti inú owó ẹ̀fọ́ tí ó ń tà, láìsọ fún wa. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ ìlà tí ó ṣófo ní ìsàlẹ̀, ó ní, “Ti ọdún yìí ni ó kù o.”