Ọ̀nà Tí Ó Lọ sí Ìwòrò

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá dé Sligo ní ilẹ̀ Ireland, ẹ óò rí ọ̀nà kan tí ó lọ yí adágún omi Lough Gill ká. Àwọn àlejò a máa fi ọkọ̀ rọra rìn ín, wọn a sì dúró lẹ́bàá omi láti wo erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Innisfree. Kò sí ààfin kan lórí rẹ̀. Akéwì W. B. Yeats ni ó fi ewì sọ ọ́ di olókìkí ní 1890. Lọ́ńdọ́nù ni ó wà nígbà tí ó ń kọ ọ́. Àárò ilé ni ó ń sọ ọ́.

Àwa náà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n eré ni a máa ń sá kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni mo ń wí.

Ẹ tètè kúrò nílé, kí ẹ sì gbé omi mímu àti oúnjẹ àwọn ọmọ dání. Láti Mile 2 títí dé Ìyànà-Ìbà, ọkọ̀ àti ariwo ọjà ni ẹ óò máa bá pàdé. Ẹ ṣáà mú sùúrù. Nígbà tí ẹ bá kọjá Ìjànìkin àti oríta Àgbárá, afẹ́fẹ́ yóò yí padà, igi àgbọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní Aradagun, ẹ yà sí apá òsì, kí ẹ gba ọ̀nà Ìwòrò àti Ajido. Ibí yìí ni kí ẹ ti rọra rìn.

Ẹ̀yà Ògù, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ègùn, àti àwọn Àwórì ni ó pọ̀ ní agbègbè náà. Àgbọn kì í ṣòfò lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọn a rin ín, wọn a fi omi fún un, wọn a sì fi oje rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá funfun tí ó bá léfòó ni wọn yóò bù, tí wọn yóò gbé kaná títí òróró yóò fi yọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀: èyí tí ó dára a máa ta sánsán bí àgbọn tútù. Èyí tí ó bá ti ń kan, ẹ má fi owó yín ṣòfò lé e lórí.

Ní etí omi ní Ìwòrò, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, nàka sí omi, ó sì bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni à ń pè é. Mo ní ọ̀sà ni, pé òkun wà lẹ́yìn ilẹ̀ yanrìn tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtọ́jú ilé, n kò fi ọ̀rọ̀ yẹn lé ọmọ tèmi lọ́wọ́.

A padà sí ọ̀nà ńlá, a sì lọ sí Àgbádárìgì, nítorí pé mo fẹ́ kí ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 yẹn ni Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Susan. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, àti ogun dí ọ̀nà mọ́ wọn. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró létí ọ̀sà yìí, tí Àjàyí ń wàásù ní èdè Yorùbá, tí ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí i. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821 ni, kò sì gbúròó ìyá rẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ mi bèèrè bóyá Àjàyí rí ìyá rẹ̀. Mo ní ó rí i ní Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

“Kí ni ìyá rẹ̀ sọ?”

Mo sọ fún un pé ìyá náà gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń fi orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pe ọmọ náà ní kékeré pè é.

Ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bèèrè pé orúkọ wo ni ìyá àgbà tirẹ̀ máa ń pe òun. Mo ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ní kí n tún un pè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é, tí ó ń jẹ́ mi, títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fi dá wa dúró ní Ìyànà-Ìbà.