Tutuola, Gbá A Létí!

Ọdún 1999 ni eré Law & Order: Special Victims Unit bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wádìí ìfipábánilòpọ̀ àti ìyà àwọn ọmọdé ló dá lé lórí. Olivia Benson ni ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n Tutuola ni tiwa. Ice-T ló ń ṣe Odafin Tutuola láti ọdún 2000, orúkọ bàbá rẹ̀ sì bá ti òǹkọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta nì mu. N kò tíì gbọ́ kó sọ Yorùbá rí o. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Balbriggan, lápá àríwá Dublin níbí, ti gbà á lọ́mọ. Bó bá ti yọjú báyìí, wọ́n á gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀: "Tutuola, má jẹ̀ẹ́ kó lọ! Gbá a létí!"

Ìgbátí yẹn ló ń kọ mí lóminú. Kí Elliot Stabler, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan nínú eré náà, tó kúrò ní 2011, ó máa ń gbá afurasí mọ́ ògiri, àwa a sì pàtẹ́wọ́. Àwa tí a mọ SARS! Ẹ̀ka àkànṣe ọlọ́pàá Nàìjíríà ni SARS náà, nítorí adigunjalè ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1992. Kí wọ́n tó tú u ká ní oṣù kẹwàá 2020, ọmọkùnrin tó bá gbé láptọ́ọ̀pù dání ti di ọ̀daràn lójú wọn. Nínú eré, ẹni tó kọ ọ́ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ta ló mọ̀ ọ́n ní títì Èkó?

Ní Dublin níbí, Garda, ìyẹn ọlọ́pàá Ireland, tó wọ aṣọ iṣẹ́ kì í sábà gbé ìbọn. Àwọn náà ní ẹ̀ka àkànṣe, Divisional Protective Services Unit, tó ti kárí Ireland láti 2020. Iṣẹ́ wọn ò lè dùn-ún wò: ìbéèrè, ìwé kíkọ, ìdúró dè kóòtù. Ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn Rotunda. Bí kò bá tíì fẹ́ rí ọlọ́pàá, wọ́n lè bá a tọ́jú ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀ pamọ́ fún ọdún kan.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìpolówó ọjà dé.

"Ọdún kan? Láì tíì débi ọlọ́pàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní kí n bá àwọn wá nọ́ńbà Dublin Rape Crisis Centre, kí àwọn fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ.