"Ẹ" Fún Ẹnì Kan

Ọmọ tí wọ́n rán sí àǹtí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá ní kí ẹ máa bọ̀, wọ́n ti se oúnjẹ tán." Màmá kan, àǹtí kan. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá dénú lè máa wẹ̀yìn wò bóyá èrò ń bọ̀.

Ọ̀wọ̀ ni "ẹ" yìí, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló sì ń fà á. Ìyàwó tó pé ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ ọdún méje tó bá nílé ọkọ, nítorí pé ọkọ ló jẹ́ fún un. Ló fi ń wá orúkọ àpọ́nlé fún wọn: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, èyí tó dúdú ni Adúmáadán, eléyín funfun sì ni Eyínfúnjowó.

Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn tó bá gbọ́ tí ọmọ Oǹdó ń sọ "o" fún bàbá rẹ̀, ẹnu a yà á. Ní Oǹdó àti ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, èdè ìbílẹ̀ wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Inú ìkíni, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tiwọn wà. Yorùbá àjùmọ̀lò, tó gbára lé ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ jù lọ, ló sọ "ẹ" di òfin, làwọn kan bá ń pe ará Oǹdó ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìyà tí kò tọ́ sí wọn ni.

Ta ni kò sì mọ̀ pé "ìwọ" là ń pe Ọlọ́run? Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn abọ̀rìṣà ń ṣe fún òrìṣà wọn. Lándílọ́ọ̀dù Mushin ń gba "ẹ", Ẹlẹ́dàá ń gba "o"! Ó jọ pé ẹni tí a bá fẹ́ kó súnmọ́ wa gan-an ni a kì í sọ di púpọ̀.

Ìjà ni kéèyàn ti wo agbára ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí. Kọ̀ńdọ́ ọ̀dọ́ àti bàbá arúgbó kan lè máa jà lórí ṣéńjì nínú dáńfó, kí inú bí kọ̀ńdọ́ títí, kó pariwo pé, "Bàbá, orí yín ò pé!" Èrò ọkọ̀ a rẹ́rìn-ín. Ká ní ó sọ pé "orí rẹ" ni, gbogbo ọkọ̀ ni ìbá dìde sí i.